Oyin Tí Wọ́n Ní Kí N Gbé fún Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Jẹ́dà, ojú máa ń tì mí bí bàbá mi bá sọ̀rọ̀ níta. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, kí n má tún gbé e mì bí mo ṣe máa ń ṣe. Mẹkáníìkì ni wọ́n ní àdúgbò Al-Mahjar níbẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó wá ṣe Hájì, tó sì dúró ṣiṣẹ́. Èdè Lárúbáwá tí wọ́n gbọ́ kò ju ti ilé iṣẹ́ lọ: táyà, bíréèkì, ẹ padà wá lọ́la. Èmi ní tèmi, Jẹ́dà ni wọ́n bí mi sí. Bí wọ́n bá fi Yorùbá pè mí láàárín èrò, n óò ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Olóyin kan wà, Lárúbáwá ni, tí bàbá mi máa ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìlú kékeré kan lẹ́yìn òkè Táífù ló ti ń wá, níbi tí kò sí nǹkan púpọ̀ ju òkúta dúdú, ewúrẹ́ àti ilé oyin lọ. Iṣẹ́ bàbá mi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá ní kí wọ́n wá kí òun nílé, kí wọ́n mú ọmọ wọn dání kó wá wo kòtò ńlá tó wà nítòsí ìlú àwọn. Ọ̀gá bàbá mi yá wọn lọ́kọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan yá wọn ní jalabíà funfun. Lẹ́yìn ìrun àsùbá la gbéra. Bí a ṣe ń gun òkè, wọ́n ń fi ọ̀bọ hàn mí lẹ́bàá ọ̀nà, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni ò kúkú rí wa nínú ọkọ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn àgbà jókòó sórí ẹní, wọ́n ń mu kọfí. Bàbá tó bí olóyin wà láàárín wọn, arúgbó kùjọ́kùjọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Bàbá mi sọ fún ìyá mi lẹ́yìn náà pé ó jọ bàbá tó bí àwọn, tó kú ní Ìlọrin tí àwọn ò lè lọ sin. Bí wọ́n ṣe rí i báyìí, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, tàwọn ti jalabíà ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ̀yin mọ̀ pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Àwọn tibẹ̀ ò mọ̀. Lójú tiwọn, Ọlọ́run nìkan lèèyàn ń forí balẹ̀ fún. Gbogbo wọn ń ké astagifirulah, arúgbó náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ọkùnrin méjì sì gbá bàbá mi mú, wọ́n fà wọ́n dìde. Àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ṣé bàbá ẹ nìyẹn?”

Mo ní, “Rárá o. Awakọ̀ wa ni.”

Ọmọ náà sáré lọ sọ fún olóyin. Olóyin wo bàbá mi. “Ọmọ rẹ ni mo ní kí o mú wá. Ọmọ ta wá nìyí?”

Bàbá mi ń gbọn erùpẹ̀ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò mí. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí, ì bá sì dára bí wọ́n bá gbá mi. Wọ́n fi Lárúbáwá ilé iṣẹ́ wọn dá a lóhùn pé, “Ọmọ ọ̀gá mi ni. Tèmi ò lè wá.”

Wọ́n mú wa lọ wo kòtò náà. Ó tóbi, ó jìn gan-an, iyọ̀ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹ̀lùbọ́ láfún, igi dàbínù sì hù sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí omi ti ń sun. Ẹ̀yìn mi ni bàbá mi ń rìn, wọ́n bá mi gbé omi mi dání. Nígbà tí mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo rí i tí wọ́n na ọwọ́ láti dì mí mú, tí wọ́n sì tún fà á padà. “Ẹ rọra,” ni wọ́n wí, “ibẹ̀ yẹn ń yọ̀.” Bàbá mi ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọ̀gá, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, olóyin gbé ìgò oyin ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé e fún bàbá mi ní Jẹ́dà. Bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún mi, mo wọlé, mo sì gbé ìgò náà lé itan títí a fi délé. Mo gbé oyin náà síwájú wọn. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Bàbá ẹ ni wọ́n ní kí o fún. Tí o bá rí i, kí o fún un.”

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò le. Kí n kúnlẹ̀, kí n ní, bàbá mi, ẹ gbà á. Mi ò ṣe é. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni oyin náà wà títí wọ́n fi kú, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Ó wà lọ́dọ̀ mi níbí ní àdúgbò Az-Zahir tí mò ń gbé báyìí, ó ti dì gbagidi.

Ayé ti yí padà. Ọ̀nà ọ̀dà ti dé etí kòtò yẹn báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ń wa ọkọ̀ lọ ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n á sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọ tiwa tí wọ́n bí síbí ò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ mọ́, èmi wo ni n óò wá bá wọn wí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi fi fọ́tò kòtò náà hàn mí lórí fóònù. Ó fi Lárúbáwá bi mí bóyá mo ti débẹ̀ rí, àti ta ló gbé mi lọ. Láti kékeré, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bẹ́ẹ̀, awakọ̀ wa kan ni mo máa ń wí. Ọkọ mi pàápàá, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, irọ́ yẹn ni mo pa fún un tó fi kú.

Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ni mo fi dá ọmọ náà lóhùn. Mo ní, “Bàbá mi ni.” Kò gbọ́ mi yé, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.