Lẹ́tà Mẹ́ta Lórí Ìbora Dádì

Ọjọ́ tí mo gbé lẹ́tà Sikirábù, eré tí a fi ń to ọ̀rọ̀, lọ bá Dádì ní ọsibítù ò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Nílé wa ní Súrùlérè, Gẹ̀ẹ́sì tó ṣọ̀wọ́n ni Dádì fi ń nà wá nínú eré náà: “zax”, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé òkúta ìbolé, “ai”, ẹranko tó ń rìn bí ìgbín. Bí a bá to Yorùbá, wọ́n á jágbe pé, “Kó o kúrò!”

Rọpárọsẹ̀ wá gba ohùn lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń fọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì, omijé ń bọ́. Mọ́mì ń bẹ̀ wọ́n pé, “Bàbá Ṣadé, kí lẹ fẹ́?”

Mo da lẹ́tà sórí ìbora. Wọ́n fọwọ́ òsì to O, M, I.

Mo sáré bu omi. Lẹ́tà mẹ́ta náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká kó o kúrò.