Àdúrà Tí Mo Kà sí Ìyìn

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn lè ṣe tí n kò ní mọ ìdí rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní yunifásítì, mo sì padà sí Ṣakí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti ẹnu tó mú ju abẹ lọ. Ìyá mi ń sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé ọmọ òun lọ kọ́ ìwà ní yunifásítì. Àwọn náà á wá máa wò mí, bí ẹni pé n kò níwà tẹ́lẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan gbà mí fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ń ṣe áàpù tí àgbẹ̀ lè fi pe katakata wá sí oko láti orí fóònù, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣètò ojú rẹ̀: ohun tí ènìyàn máa kọ́kọ́ rí, ibi tó máa tẹ̀, ọ̀rọ̀ tó máa kà. Ọ̀gá mi kò fi bò fún mi. Bí àwọn àgbẹ̀ kò bá lò ó kí àsìkò àgbàdo tó wọlé, a ó palẹ̀ iṣẹ́ náà mọ́, kí n máa lọ sílé.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kan lójú ọ̀nà Ìgbòho, mo ń fi áàpù náà han àwọn àgbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ mi sí. Olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan, wò ó títí, ó ní, “Ọlọ́run á jẹ́ kó dára o, ọmọ mi.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́.” Mo kọ ọ́ pé inú tiẹ̀ dùn púpọ̀. Èèyàn méjìlá, àdúrà méjìlá. Mo fi ìròyìn ayọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò fi áàpù náà pe katakata. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó sọ fún mi pé ní ọ̀dọ̀ wa, èèyàn kì í wojú ọmọ ọlọ́mọ kó ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Àdúrà ni wọ́n máa ń fi ràn án lọ́wọ́. Ṣakí yìí náà ni wọ́n sì ti bí mi o.

Mo padà lọ, mo sì parọ́. Mo ní wọ́n ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, pé ará Èkó kan tí kò dé oko rí ló ṣe èyí tí mo mú wá. Bẹ́ẹ̀, èyí tí mo fi hàn wọ́n tẹ́lẹ̀ náà ni. Bàbá tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

“Ó ń bi mí pé hẹ́kítà mélòó ni oko mi. Ta ló mọ hẹ́kítà níbí? Éékà la mọ̀.”

“Ó tún ní ká kọ àdírẹ́sì oko,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Oko wo ló ní nọ́ńbà? Ẹnu la fi ń júwe oko. Ibi tó ní ká tẹ̀ yìí ńkọ́? Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ṣé ará Èkó yẹn ń bá wa jà ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, inú mi sì ń dùn. Mo sọ hẹ́kítà di éékà, mo mú ibi títẹ̀ tóbi, mo sì jẹ́ kí àgbẹ̀ lè fi ohùn rẹ̀ júwe oko. Kí àsìkò àgbàdo tó wọlé, bàbá ló kọ́kọ́ pe katakata. Mo dúró létí oko rẹ̀, mo ń wo bí katakata náà ṣe ń tú ilẹ̀, mo ń fò sókè bí ọmọ kékeré. Iṣẹ́ mi dúró.

Ọjọ́ náà ni mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé kò sí ará Èkó kankan. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“A mọ̀,” ló wí. “Nígbà àkọ́kọ́, ìyìn lo wá tọrọ, a sì fún ọ ní àdúrà. Nígbà kejì lo wá gbọ́ ọ̀rọ̀.”

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Iṣẹ́ yìí náà ni mo ṣì ń ṣe títí di òní, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàdúrà fún iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo máa ń ṣe àmín tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi í pé kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀.