Ọkọ̀ Rélùwéè Orí Tábìlì

Ó máa ń rẹ̀ mí ní àwọn ọdún yẹn. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tí yóò sì lọ. Ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni àwọn ọmọ ya wọ kíláàsì mi ní Ìlobù bí omi òjò ṣe ń ya wọ ilé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n jókòó sílẹ̀, àwọn kan gun ojú fèrèsé. Kí n tó pe orúkọ wọn tán láàárọ̀, ohùn mi á ti ha. Bí agogo ìparí bá ti lù, màá gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sílé, màá bu omi mu, màá sì jókòó síbẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi kì í sábà sí nílé. Ọmọ Ìfọ́n ni, obì ló ń tà. Á ra obì jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn, á fi ewé tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, á gbé e dé Òṣogbo, á sì wọ ọkọ̀ rélùwéè lọ sí òkè Ọya. Bó bá ń bọ̀, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ló máa ń kó bọ̀. A ti ṣègbéyàwó fún ọdún mélòó kan, a ò sì tíì bímọ. A mọ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lẹ́yìn wa.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi agolo kan ọkọ̀ rélùwéè nìyí. Alábòójútó ilé ìwé kan wá bẹ̀ wá wò, ó sì gbàgbé ìwé ìròyìn aláwòrán kan sórí àga. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwòrán òyìnbó arúgbó kan tó dúró ti tábìlì gbọọrọ. Ọkọ̀ rélùwéè kékeré wà lórí tábìlì náà, tòun ti ojú irin àti afárá rẹ̀. Irun òyìnbó náà ti funfun, kò sì sí ọmọdé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo wo àwòrán náà títí. Kì í ṣe ọkọ̀ náà ló gbà mí lọ́kàn jù, bí kò ṣe ojú bàbá yẹn: ojú ẹni tí ara tù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú okùn, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òṣogbo, mo dúró de ọkọ̀ níbùdó rélùwéè. Bó ti dúró ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn wọn ọ̀kan nínú àwọn yàrá èrò tí orí ọkọ̀ ń wọ́ lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan wá bá mi.

"Tíṣà, kí lẹ ń wọ̀n?"

"Mo fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ni."

"Irú kí ni?"

"Irú ọkọ̀ yìí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bá mi di etí okùn kejì mú.

Bí mo ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀ ni pé ohun tó bá gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lójú irin á di ínṣì kan lórí tábìlì mi. Yàrá ọkọ̀ kan wá gùn ju rúlà mi lọ díẹ̀. Páńpù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ ni mo fi ṣe orí ọkọ̀, nítorí kò sí agolo tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì kóòtù tí mo gbà lọ́wọ́ télọ̀ ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ àwọn yàrá. Irin agboòrùn tó ti gbó ni ojú irin mi. Fún ara àwọn yàrá, mo la agolo bísíkíìtì, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo gé fèrèsé sí i lára, mo sì gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kan tó ń fi agolo ṣe àtùpà kó bá mi fi òjé jó o pọ̀. Orí ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣe ń ṣe gẹ́gẹ́gẹ́ bí adìẹ tó kán lẹ́sẹ̀. Mo tú u, mo tún un ṣe. Bí mo bá ti mú ayùn lọ́wọ́, n kì í gbúròó àwọn ọmọ kíláàsì mi nínú orí mi mọ́. Àárẹ̀ náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó máa ń dákẹ́.

Ọjọ́ tí ìyàwó mi dé láti òkè Ọya tó bá a lórí tábìlì tí a ti ń jẹun, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, eruku ṣì wà lórí gèlè rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ọkọ̀ rélùwéè ni."

"Inú ẹ̀ ni mo ti ń bọ̀," ló wí. "Ẹ tún wá gbé e wọlé dè mí."

Mo rò pé á bínú. Kò ní agbára ìbínú. Ó fi ọwọ́ ti orí ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀, kò sì jẹun tán tó fi sùn lọ lórí àga.

Ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n ló bínú. Nígbà tí mo lọ kí i, mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbójú sókè.

"Tíṣà, wọ́n ní ẹ ń ṣe ohun ìṣeré."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ta lẹ ń ṣe é fún?"

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ilé tí kò sọ́mọ, kí ni wọ́n ń fi ohun ìṣeré ṣe níbẹ̀? Mo ní, "Fún ara mi ni, Ìyá." Ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Èmi náà padà sí Ìlobù.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Èmi tí mo mọ bí fèrèsé ọkọ̀ náà ṣe jìnnà síra wọn, n kò tíì wọ ọkọ̀ rélùwéè rí. Kò sí ibi tí mo ń lọ. Ilé ìwé, ilé, Ìfọ́n, Òṣogbo: kẹ̀kẹ́ ń gbé mi dé gbogbo wọn. Ìyàwó mi ló ń rìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń kọ nǹkan sójú pátákó nígbà tí obìnrin ará Ẹ̀rìn kan yọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Oníṣòwò obì lòun náà, òun àti ìyàwó mi ni wọ́n jọ ń lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ẹ má fòyà o."

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú. Ara ìyàwó yín ni kò yá. A ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Ọ̀fà. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ nídìí rélùwéè ló gbà á sílé."

"Kí ló ṣe é?"

"Ibà ni. Láti òkè Ọya ló ti mú un. Èrò pọ̀, kò ríbi jókòó, kò ríbi fẹ̀yìn tì. Ó dúró títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi gbé e mọ́."

Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ rélùwéè fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Tí ẹ bá bi mí léèrè bí ó ṣe rí, n kò lè sọ. Ìkirun kọjá, n kò mọ̀. Mo di fìlà mi mú lórí orúnkún, mo ń wo ọwọ́ ara mi. Ọkọ̀ tí mo ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí wá, n kò rí ohunkóhun nínú rẹ̀.

Wọ́n fi ilé oníẹ̀kọ hàn mí. Orí ẹní ni mo bá ìyàwó mi. Ẹyin ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wú. Oníẹ̀kọ náà, obìnrin sanra kan tó ń rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ń fún un lómi ẹ̀kọ gbígbóná mu bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun.

"Ẹ wá," ni ìyàwó mi wí.

"Mo wá."

"Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ?"

"Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀."

"Ṣé rélùwéè lẹ wọ̀ wá?"

"Rélùwéè ni."

"Báwo lẹ ṣe rí i?"

"N ò mọ̀," ni mo wí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ kò jẹ́.

A wà lọ́dọ̀ obìnrin náà títí ìyàwó mi fi lè dìde dúró. Àgbo ló ń mu láàárọ̀, oògùn òyìnbó ló ń lò lálẹ́, àwa ò sì mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Obìnrin náà kò jẹ́ kí n san ohunkóhun fún un. Ó ní kí n gbé ìyàwó mi lọ sílé, pé ìyẹn tó.

Ìgbà tí à ń padà ni mo wá ríran. Mo rí i pé ẹ̀yìn bẹ́ńṣì náà le ganran, ó ń gún èèyàn léegun ẹ̀yìn. Mo rí obìnrin tó jókòó sórí ẹrù rẹ̀, tó gbé ọmọ lé itan, tí adìẹ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi gbé orí lé mi léjìká. Ọdún mélòó ló ti ń rin ìrìn yìí láìsí èmi, tí á dé sílé, tí á sì tún bá mi palẹ̀ tábìlì mọ́ kó tó jẹun?

Ìfọ́n ni mo gbé e lọ, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti parí ní Ìlobù, màá gba ọ̀dọ̀ wọn lọ. Ó máa ń rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ tí màá fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ dípò kí n gùn ún. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi ní, "Ẹ ò ṣe gbé ọkọ̀ yín wá?"

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Ọkọ̀ wo?"

"Ti orí tábìlì. Àjà ilé nìkan ni mò ń wò láti àárọ̀."

Mo kó o sínú páálí ọṣẹ, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ìyàwó mi gba yàrá ọkọ̀ kan, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó yọjú wo inú fèrèsé rẹ̀.

"Bẹ́ńṣì yìí ga jù," ló wí. "Ibi tí a ń gbé ẹrù sí dà? Àwọn èèyàn ńkọ́? Ta ló rí rélùwéè tó ṣófo rí?"

Láti ọjọ́ náà ni a ti jọ ń ṣe é. Ó fi màrìwò hun apẹ̀rẹ̀ tí kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Ó fi àkísà ṣe àwọn èèyàn, ó wé gèlè fún àwọn obìnrin wọn. Ìyá rẹ̀ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò wá. Nígbà tó yá, ó fa òwú díẹ̀ yọ nínú agbọ̀n rẹ̀, ó fi aṣọ dì í bí ẹrù, ó nà án sí mi.

"Tèmi nìyẹn," ló wí. "Ẹ gbé e sábẹ́ bẹ́ńṣì, kó má dí èèyàn lọ́wọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ gba ẹrù òwú náà.

Kí ìyàwó mi tó kúrò ní Ìfọ́n, ó ní òun fẹ́ yàrá ọkọ̀ kan tí òun lè dùbúlẹ̀ sí. Mo sọ fún un pé irú rẹ̀ wà lóòótọ́ fún àwọn olówó. Ó ní kí n má ṣe ti olówó. Mo ṣe yàrá náà, kò sí bẹ́ńṣì nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí tí mo fi etí aṣọ rẹ̀ kan ṣe. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó wò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó sì kọjú sí ògiri. Ó sunkún, kò pariwo. Mo jókòó tì í títí ó fi sùn.

Kò lọ sí òkè Ọya mọ́ lẹ́yìn náà. Àbúrò rẹ̀ ló gba òwò obì, òun bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀wà níwájú ilé wa ní Ìlobù. Èmi ń ṣe ọkọ̀ mi lọ: èyí tó ń kó màlúù, èyí tó ń kó ẹ̀pà, èyí tó ń gbé epo. Nígbà tí Ọlọ́run wá fún wa lọ́mọ, àwọn ọmọ náà ló fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, n kò sì bínú.

Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ìsinmi ilé ìwé, a pinnu láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ oníẹ̀kọ Ọ̀fà. A di iṣu àti epo, a dé Òṣogbo ní kùtùkùtù. Ìyàwó mi ní kò sẹ́ni nínú wa tí yóò dúró lọ́jọ́ náà, ó sì já wọlé bí ẹni tó mọ̀dí ẹ̀, ó gba àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún àwa méjèèjì. Mo ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí màá ríran dáadáa, màá wo gbogbo nǹkan. Ọkọ̀ gbéra. Atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé. Mo wo fèrèsé díẹ̀. Mo rí i pé orí ìyàwó mi ti ń lọ síwá sẹ́yìn, mo fa orí náà mọ́ra, mo fi tèmi tì í.

Ariwo èrò ló jí mi. Mo yọjú síta, ilé tí mo rí kò jọ ti Ọ̀fà. Mo bi ọkùnrin tó wà níwájú wa léèrè bóyá Ọ̀fà la dé.

"Ìlọrin rèé," ló wí. "Ọ̀fà ti kọjá tipẹ́. Ó wu wá ká jí yín, ká bi yín léèrè ibi tí ẹ ń lọ, àmọ́ bí ẹ ṣe ń sùn, àánú yín ṣe wá."

A sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iṣu wa. Ìyàwó mi jókòó lórí ẹrù, ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Lẹ́yìn náà, a ra àkàrà, a sì jókòó de ọkọ̀ tó ń padà lọ sí Ọ̀fà.