Iyán Ilé Àna Lórí Egbò Eyín

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yọ eyín ńlá tó wà lẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀ ẹnu mi lápá òsì. Ọjọ́ Sátidé ni mo gbọ́dọ̀ lọ fojú han bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ní Òkè-Ìlá. Kò ṣeé sún síwájú: bàbá náà ti lé ẹnì kan ṣáájú mi nítorí pé ó pẹ́ dé.

Tíṣà ìṣirò ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìlera tí mo rí tí n kì í kà. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń bo ojú ihò eyín, pé ohun gbígbóná lè tú u, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa wú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kó tó máa rọlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Mo ń wo dígí, mo ń fi òwú wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti etí dé àgbọ̀n, mo ń fi aṣọ tútù lé e, mo tún ń wọ̀n ọ́n.

Ní Sátidé, mo wọ takisí ní ibùdókọ̀ Fájuyì lọ sí ilé wọn, mo fi áńkáṣíìfù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá.

"Ìwọ, ṣé obì lo gbé sẹ́rẹ̀kẹ́ wọ ulé mi?"

"Rárá o, sà. Eyín ni wọ́n yọ."

"Eyín wo ló ń wú bí àgbọn báyìí?"

Kí n tó fèsì, ìyá ọmọbìnrin náà ti gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dé, èéfín ń rú lára wọn.

"Ẹ ṣé, mà. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ jẹ ohun gbígbóná."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Jẹ kẹ̀? Ta ló ń fi eyín jẹ iyán? À ń gbé e mì ni! Kí ló kan eyín níbẹ̀?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀ mí.

Mo bu òkèlè, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo gbé e gba apá ọ̀tún. Òkèlè kejì ṣìnà, ọbẹ̀ gbígbóná ṣàn wọ inú ihò náà. Omijé bọ́. Mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, mo gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀gúsí, mo fi áńkáṣíìfù nu ẹnu, mo tún na ọwọ́ sí àwo.

Bàbá fa áńkáṣíìfù náà kúrò lọ́wọ́ mi, ó rí pupa tó wà lára rẹ̀. Ó gbé àwo iyán náà kúrò níwájú mi.

"Ẹ bu ẹ̀kọ tútù wá fún àna mi."

"Àna?" ni ìyá wí. "Ẹ ò tíì bi í ní nǹkan kan!"

"Ṣé ẹnu yìí ni kó fi dáhùn?"