Fèrèsé Tí Mo Tì Nítorí Ọmọ Mi

Ẹ̀rọ kan wà lókè sítóòfù gáàsì mi tó máa ń kùn hùùù bí agbọ́n tó há sínú agolo. Bí mo bá ti tàn án, ọkàn mi a padà sí ọdún tí a kọ́kọ́ kó dé Ìbà, nígbà tí ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún méje, tí mo sì gbà pé bí mo bá ti wọn ohun gbogbo dáadáa, kò sí ohun burúkú tó lè wọlé tọ̀ wá.

Kí a tó dé Ìbà, yàrá kan là ń gbé ní Òkókómáìkò, nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ ti ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo. Sítóòfù kẹrosíìnì mẹ́jọ a máa jó lẹ́ẹ̀kan náà, ojú gbogbo wa a sì máa ṣomi. Síbẹ̀, inú èéfín yẹn la ti ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò, àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sùn sílé. Mo fẹ́ràn àwọn obìnrin náà ju bí mo ṣe mọ̀ nígbà náà lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ní ikọ́ fée. Bí ata bá ti ta nínú epo gbígbóná, àyà rẹ̀ a máa súfèé. Dókítà sọ fún mi pé kí n gbé e kúrò nínú èéfín. Òkè Ọya ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì là ń rí i lọ́dún. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà yẹn, èmi nìkan náà ni mo sì gbé e rù.

Bí a ṣe kó lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbà nìyẹn, níbi tí mo ti ní ilé ìdáná tèmi. Ìsàlẹ̀ ni ìyá onílé ń gbé, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nídìí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo lọ sí Alábà, mo ra ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, èyí tí ẹni tó tà á fún mi ń pè ní húùdù. Mo ka ìwé tó bá a wá lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi bírò fàlà sí abẹ́ gbogbo ohun tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì. Ìwé náà ní àlàfo tó wà láàárín iná gáàsì àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ dín ní ínǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní kí tiwa jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo yọ téèpù lẹ́ẹ̀kẹta, oníná tó ń bá mi ṣe é bú sẹ́rìn-ín.

“Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún un ni?”

“Bó bá sún mọ́ iná jù, ọ̀rá ara rẹ̀ á gbiná. Wọ̀n ọ́n.”

Ó wọ̀n ọ́n. Ó fẹ́ fi ẹnu páìpù rẹ̀ sínú àjà, ó ní inú àjà kúkú fẹ̀. Mo kọ̀, nítorí ọ̀rá á máa kóra jọ síbẹ̀ láìsí ẹni tó máa rí i. Ó lu ògiri, páìpù náà sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ilé, lápá ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Mo rí i dájú pé ó so wáyà kẹta, ìyẹn èyí tó lọ sínú ilẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo ń yọ asẹ́ onírin méjèèjì tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí mo ń rì wọ́n sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ títí ọ̀rá á fi yọ, tí mo sì ń jẹ́ kí wọ́n gbẹ kí n tó dá wọn padà.

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà tí n kò fàlà sí. Ó ní kí a fi ọ̀nà sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé àwọn tó ń gbé nílùú òtútù, tí wọ́n ń ti ilé wọn pa, ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Lẹ́yìn náà ni èmi fúnra mi ti ilé mi pa. Mo ti fèrèsé ilé ìdáná kí eruku àti èéfín àwọn aládùúgbò má baà wọlé, mo tún fi àkísà dí etí rẹ̀.

Ìyá onílé kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà rárá. Ọjọ́ kan tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, ó gbójú sókè wò mí.

“Ìyá Èkìtì, ọbẹ̀ rẹ kì í ta sí wa nímú mọ́. Ṣé ò ń gbààwẹ̀ ni?”

“Rárá, mà. Ẹ̀rọ ló ń fà á lọ.”

“Áà! Ẹ̀rọ ń jẹ ọbẹ̀ kí ọmọ tó jẹ ẹ́! Níbí o, òórùn ọbẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ẹni tó wà lókè ṣì wà láàyè.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo sì kọjá lọ. Nínú ọkàn mi, mo ní kí ni àgbà mọ̀ nípa ẹ̀rọ.

Sátidé kan, òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Kò sí iná láti àárọ̀. Ìdí ògiri ìta ni mo máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wa sí, ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ilé, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí òjò pa á. Mo gbé e gòkè, mo gbé e sábẹ́ òrùlé kékeré tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, lókè àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, mo sì tàn án. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbà pé ó ti tán nìyẹn. Àlàfo tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn náà kò ju ìka kan lọ. Mo tan ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, mo dá epo sí ìkòkò. Ọmọ mi jókòó nídìí tábìlì kékeré, ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Èmi ni mo gbé tábìlì náà síbẹ̀, nítorí mo gbà pé kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ tó ibẹ̀ nínú ilé wa.

“Mọ́mì, orí ń fọ́ mi.”

“Ebi ni. Ọbẹ̀ ti fẹ́ jinná.”

Orí tèmi náà wúwo, mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru àlùbọ́sà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti gbé orí lé ìwé, ó ń sùn. Mo wo aago. Ó ti tó wákàtí kan tí kò húkọ́. Inú mi dùn.

Ni mo gbọ́ tí wọ́n ń lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

“Ìyá Èkìtì! Ṣílẹ̀kùn! Èéfín ń wọlé tọ̀ yín!”

“Ẹ̀rọ ń fà á jáde, mà!”

“Ta lò ń sọ ọ́ fún? Mo ní ó ń wọlé!”

Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni ìyá àgbà yìí wà lábẹ́ agbòjò tó ti rí i pé èéfín jẹnẹrétọ̀ mi kò fọ́n káàkiri. Ṣe ló ń wọ́ nílẹ̀, tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ó gun àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Mo dìde láti lọ ṣílẹ̀kùn. Ara ògiri ni mo dì mú tí mo fi dé ibẹ̀. Ó pa jẹnẹrétọ̀, èmi àti òun sì gbé ọmọ jáde sínú òjò. Mo pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn. Mo tún pè é, kò dáhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó lajú, ó sì bì sí mi láyà. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó èébì yẹn láyé mi.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, dókítà ní kí n sọ bí mo ṣe ṣètò ilé ìdáná. Mo sọ ọ́ ní kíkún, títí kan iye ínǹṣì. Ó mi orí. Ó ní ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀, afẹ́fẹ́ tó bá fà jáde, ilé gbọ́dọ̀ wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo ti fèrèsé, ibi tó rí gbà ló ti gbà á, abẹ́ ilẹ̀kùn tí èéfín jẹnẹrétọ̀ wà sì ni. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi tí mò ń ṣọ́ ìta, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé ewu sẹ́nu ọ̀nà.

Kò pé oṣù kan tí èmi àti bàbá rẹ̀ fi pinnu pé kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Èkìtì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ̀rù ọwọ́ ara mi ń bà mí.

Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Ikọ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dààmú rẹ̀ mọ́. Ìyá onílé ti papò dà, bẹ́ǹṣì rẹ̀ ṣì wà nídìí àtẹ̀gùn, kò sì sí ẹni tó ń jókòó sórí rẹ̀. Mo ṣì ń fọ asẹ́ ní gbogbo Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrẹsì ife kan àti ọbẹ̀ díẹ̀ ni mò ń sè, tí ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan. Jẹnẹrétọ̀ kì í kúrò nídìí ògiri ìta mọ́. Bí òjò bá ń rọ̀ tí kò sì sí iná, mo máa ń dúró kó dá.

Tí ọmọ mi bá pè mí lórí fóònù nígbà tí mo bá ń dáná, ó máa ń gbọ́ kíkùn ẹ̀rọ náà.

“Mọ́mì, fèrèsé ńkọ́?”

“Ó ṣí.”

“Ẹ lọ wò ó.”

Mo mọ̀ pé ó ṣí. Síbẹ̀, mo máa ń rìn lọ síbẹ̀, mo máa ń na ọwọ́ mi jáde sínú afẹ́fẹ́, òórùn ọbẹ̀ mi a sì máa gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sísàlẹ̀, sórí bẹ́ǹṣì tó ṣófo.