Ọjọ́ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Gbé Omi Lọ Sórí Ìtàgé

Títí di òní, bí ẹnìkan bá ń bó ọsàn nítòsí mi, ojú mi a wálẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi rò pé n kò fẹ́ràn ọsàn ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fà á ní láti bá mi padà sí Òdìgbó, sí ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún nílé-ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí mo rò pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láyé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, láti Àkókó ni wọ́n ti gbé e wá. A kì í ṣe ọmọ ìlú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé-ìwé, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá ń sọ èdè Ìkálẹ̀, ńṣe ni mo máa ń wò wọ́n bọ̀ọ̀. Ọmọbìnrin kan láti Omifúnfún ló fà mí mọ́ra. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Ọ̀kadà ló ń gùn wá láràárọ̀, eruku á ti kún ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó máa ń gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn Ìkálẹ̀, àti ọbẹ̀ wá nínú ike, a ó sì jọ jẹ ẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn kíláàsì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní Ìkálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ṣì í sọ títí, ahọ́n mi kò yí i rárá. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn: kò fi mí rẹ́rìn-ín rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Abẹ́ igi máńgòrò yẹn náà ló ti sọ ohun tí kò sọ fún ẹlòmíràn fún mi. Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kó bu omi wá. Kò sí omi nílé, ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi. Èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fo okùn, òun náà bá wọn fò díẹ̀. Ó ní díẹ̀ náà ni, kò pẹ́ rárá. Nígbà tó fi máa gbé omi délé, wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ lójú. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Ó sọ ọ́ tán, ó pín púpurú tó kù sí méjì, ó sì gbé èyí tó tóbi fún mi.

Olùkọ́ Lítíréṣọ̀ wa ló mú ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà wá. Ó ti sú u láti máa ka ìwé eré fún wa bí ẹni ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹgbẹ́ òṣèré kan fẹ́ ṣe eré tí à ń kà lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò wo eré ìtàgé rí. Fíìmù la mọ̀.

“Èyí kì í ṣe fíìmù o,” ni olùkọ́ wí. “Ènìyàn gidi ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá wúkọ́, wọ́n á gbọ́ yín.”

Ọ̀rẹ́ mi nawọ́ sókè. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n á rí wa náà?”

“Wọ́n á rí yín kedere.”

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yẹ̀ kúrò lára olùkọ́.

Ìyá àgbà rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Títì márosẹ̀ ń bà á lẹ́rù, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń já gba Òrè kọjá kò sì jẹ́ kí n dá a lẹ́bi. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún un pé èmi àti òun la ó jọ jókòó ló tó gbà. Ó wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n má fi ọmọ òun sílẹ̀. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi sọ fún ìyá àgbà pé mo ti gbọ́, n kò ní fi í sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ronú ẹyin lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún?

Ohun tí mo ń rò nígbà náà ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan tí à ń pè ní ọmọ Òrè. Àwọn òbí wọn ní ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ní oríta Òrè, òyìnbó ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, báàgì wọn sì ń dán. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí mọ́ra débi pé, bí wọ́n bá ju ìwé nù, mo lè bá wọn ṣà á. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń bẹ.

Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, a jọ jókòó bí mo ṣe ṣèlérí. Nígbà tí a dé Oǹdó, olùkọ́ ra ọsàn fún wa. Ọ̀rẹ́ mi ká èèpo tirẹ̀ jọ, ó fi í sápò báàgì rẹ̀. Ó ní ìyá àgbà òun ní ẹni tí òòyì bá ń kọ́ nínú ọkọ̀, kó máa gbóòórùn rẹ̀. Mo bi í bóyá òòyì ń kọ́ ọ. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n ó lè kọ́ ẹlòmíràn.

Ìtàn ìyá arúgbó kan ni eré náà, tó tọ́ ọmọ márùn-ún, tí gbogbo wọn sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ìyá náà dá nìkan dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ń béèrè pé, “Ta ni yóò fún mi lómi mu?” Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń béèrè nínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn títí iná fi kú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀ ọ́n jù wá lọ, nítorí òun ló gba máàkì tó ga jù lórí ìwé náà. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ pé àìmọ̀kan ló fa ohun tó wá ṣe.

Ìyá náà béèrè lẹ́ẹ̀kíní. Ohùn rẹ̀ ti há, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Mo gbọ́ tí èémí ọ̀rẹ́ mi ń lọ sókè sódò. Ìyá náà béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rẹ́ mi bá dìde. Omi inú ọ̀rá tó rà ní Oǹdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó gun àtẹ̀gùn orí ìtàgé, ó fi eyín ya etí ọ̀rá náà kí ìyá arúgbó má baà ṣe wàhálà, ó wá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ ní gbogbo gbọ̀ngàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Òrè tó jókòó níwájú mi yíjú padà. “Ṣé ọ̀rẹ́ ẹ kọ́ nìyẹn?”

Èmi tí mo mọ̀ nípa kẹ́ẹ̀gì omi, èmi nìkan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi báwo? A kàn jọ jókòó ni.” Mo wá rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fọwọ́ gbá àga, kí wọ́n lè rí i pé ẹgbẹ́ wọn ni mo jẹ́.

Òṣèré náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó jókòó sókè díẹ̀díẹ̀ bí aláìsàn, ó gba omi náà, ó mu ún tán. Ó gbé ọwọ́ lé ọ̀rẹ́ mi lórí. “O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ náà á rí ẹni tí yóò bu omi fún ọ.” Ó tún dùbúlẹ̀, iná kú.

Ọ̀rẹ́ mi padà wá jókòó. Omijé wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà ń dán. “Ó mu ún tán,” ló wí fún mi.

Nígbà tí a fẹ́ wọkọ̀ padà, àyè ṣí sílẹ̀ níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ Òrè. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé òòyì ń kọ́ mi, pé iwájú ni màá jókòó. Ó wò mí. Ó wá ki ọwọ́ sápò báàgì, ó kó èèpo ọsàn náà lé mi lọ́wọ́. Bóyá ó gbà mí gbọ́, bóyá kò gbà mí gbọ́, n kò mọ̀. Kí a tó kúrò ní Àkúrẹ́, mo ti ju èèpo náà gba ojú fèrèsé. Nígbà tí àwọn ọmọ Òrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn arúgbó pariwo pé “Ta ni yóò fún mi lómi mu?”, èmi náà gbè é, mo rọra gbè é.

Ariwo yẹn ni wọ́n fi ń kí i nílé-ìwé lójoojúmọ́. Ó fara dà á títí tí ilé-ìwé fi gba ìsinmi, nígbà tí a sì wọlé padà, kò wá mọ́. Omifúnfún kò jìn, ọ̀kadà ń lọ síbẹ̀. N kò lọ. Ìtìjú ni mo kọ́kọ́ fi ṣe àwáwí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé bàbá mi lọ sí ibòmíràn, mo sì fi ìyẹn náà ṣe àwáwí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ní ọdún tó kọjá, èmi fúnra mi di olùkọ́ tí wọ́n gbé wá sí Òrè. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo eré ìtàgé. Ibi tí mo ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn òbí wọn ni mo ti rántí iṣẹ́ tí ìyá àgbà rán sí mi. Ní ọjọ́ Sátidé, mo ra búrẹ́dì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Omifúnfún láti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Ìyá àgbà ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo béèrè ọmọ rẹ̀. Ìkálẹ̀ ló fi dá mi lóhùn, ó sì dùn mí pé gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ọmọ náà ti lọ sọ́run. Ó ti tó ọdún méjì. Ó lọ́kọ ní Àgọ́ Aláyè, àìsàn dé, wọ́n gbé e wá sílé. “Èmi ni mò ń bu omi fún un,” ni ìyá àgbà wí. “Kò pòùngbẹ.”

Ìgbà tó yá, ó bi mí pé ta ni mí. Mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí nílé-ìwé ní Òdìgbó.

“Áà! Ṣé ìwọ tí òòyì ọkọ̀ máa ń kọ́ nì?” Ó na ọwọ́, ó ń wá ojú mi kiri títí ó fi rí i. “Ọma mi, o ṣeun o. Ó ní gbogbo wọn ló fi òun rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, àfi ìwọ nìkan. Ó ní ìwọ kò fi òun sílẹ̀.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá tèmi níwájú ilé yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò là. Bí mo bá sọ ọ́, ara mi yóò fúyẹ́, ṣùgbọ́n kí ni yóò kù fún ìyá àgbà? Mo gba omi tó bù fún mi, mo mu ún tán. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n dúró. Ó fọwọ́ wá ọsàn nínú apẹ̀rẹ̀, ó rọra bó o, ó kó èèpo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa gbóòórùn rẹ̀ lọ́nà.

Mo kó àwọn ọmọ náà lọ wo eré wọn, wọ́n sì gbádùn rẹ̀. Èèpo ọsàn ìyá àgbà ti gbẹ, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní ilé-ìwé. N kò lè jù ú nù, n kò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Òòyì ọkọ̀ kò kọ́ mi rí láyé mi.