Ẹni Tó Mọ Ibi Tí Pajápajá Yóò Ti Mú Un

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Múrítàlá.

Ọ̀kadà ló ń gùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe ti orí títì, ti inú igbó ni. Èédú ló ń gbé láti Abà Agbẹ́dẹ wá fún àwọn oníṣòwò ní Sábó. Ó ní ìyàwó, Ràmọ́tà. Ó ní ọmọ. Ó ní ilé tí kò tíì rẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ kan pẹ̀lú. Ọ̀rẹ́ yẹn ni kò ní mọ́. Ẹsẹ̀ ló fà á.

Akínpẹ̀lú ni ọ̀rẹ́ náà ń jẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ọmọ ilé ọlọ́dẹ, ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún. Ọjọ́ tí Múrítàlá kọ́kọ́ gbé ọ̀kadà wọ igbó, Akínpẹ̀lú ló ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ tí Ràmọ́tà ń rọbí Bushrah nínú òjò, tí Múrítàlá wà ní abà, Akínpẹ̀lú ló gbé e dé ọsibítù. Ní gáréèjì, ìbejì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ń wá ọ̀kan, èkejì ló máa bi.

Èédú kì í fi àyè sílẹ̀ fún èèyàn. Bí wọ́n bá di àpò mẹ́rin sẹ́yìn ọ̀kadà, gbogbo ìjókòó ti tán. Orí táǹkì ni ẹni tó ń gùn ún yóò fi ìdí lé. Eékún á ká, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbọ̀nwọ́. Á fi itan méjèèjì fún táǹkì pọ̀ bí ẹni tó di adìyẹ mú kó má baà sá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á máa dúró lókè bíréèkì, kò ní tẹ̀ ẹ́, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Báyìí ni gbogbo wọn ń gùn ún. Àwọn mìíràn kì í mu omi láti àárọ̀. Ẹni tó bá mu omi á fẹ́ tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ á dá ọ̀kadà dúró, ọ̀kadà tó ru èédú tó bá sì ṣubú lórí òkè, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tí yóò bá a gbé e. Múrítàlá wà nínú àwọn tí kì í mu omi.

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Pajápajá ni. Iṣan á le bí òkúta, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á máa ká sínú. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, èédú dà sódò. Ó lo oògùn ìrora. Ó fi òrí pa á. Ràmọ́tà fi omi gbígbóná jó o. Á lọ, á tún padà wá. Kò sọ ọ́ ní gáréèjì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá dá mọ́, wọ́n á ní ó ti darúgbó, wọn ò sì ní di ẹrù fún un mọ́.

Akínpẹ̀lú rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Múrí, ẹsẹ̀ ń dùn ọ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo rí bí o ṣe sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Odò àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan kan. Tí o bá kọjá odò kejì, tí o ń gun òkè yẹn, ibẹ̀ ló ti ń mú ọ. Ojúgun ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá yí sẹ́yìn.”

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

“Kúrò lórí táǹkì,” ni Akínpẹ̀lú wí. “Dín àpò kan kù, kí o rí ibi fi ìdí lé. Níbi tí kòtò bá pọ̀, dìde dúró lórí irin tí o gbé ẹsẹ̀ lé, tẹ eékún díẹ̀, jẹ́ kí ọ̀kadà máa jó lábẹ́ rẹ. Má fún un mọ́ra, kò ní sá. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lókè bíréèkì títí o fi máa lò ó. Mu omi, fi iyọ̀ bíńtín sí i. Tí o bá dé odò, sọ̀kalẹ̀, kí o rìn díẹ̀, kí o na ẹsẹ̀.”

“Àpò tí mo bá dín ńkọ́?”

“Á wá lọ́la. Èédú kì í jẹrà.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹsẹ̀ àgbàlagbà ló ń jẹrà.”

Ẹ̀rín yẹn ni Múrítàlá gbé lọ sílé.

Kì í ṣe ààfáà ló sọ fún un. Kì í ṣe adáhunṣe. Orí ara rẹ̀ ló fi rò ó. Ó ní, báwo ló ṣe mọ odò? Báwo ló ṣe mọ̀ pé ojúgun ló ti ń bẹ̀rẹ̀? Òun ò kúkú sọ fún un. Ẹni tó mọ ibi tí nǹkan wà nínú òkùnkùn, òun ló gbé e síbẹ̀.

Ràmọ́tà ní, “Baba Bushrah, bóyá ó ti ṣe òun náà rí. Ẹ bi í.”

“Mo máa bi í.”

Kò bi í. Ẹjọ́ rẹ̀ ló lọ fi sùn.

Hussein ni alága àwọn ọlọ́kadà. Ó kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò ní gáréèjì, Múrítàlá sì ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní Akínpẹ̀lú ti fi nǹkan sí òun lẹ́sẹ̀. Bó ṣe ń rò ó, àwọn tó kù ń wo Akínpẹ̀lú bí ẹni tí wọn ò rí rí. Ẹnì kan ní ilé ọlọ́dẹ kúkú ni, kí ni wọn ò mọ̀ níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní láti ọjọ́ tó ti yá òun ní sípánà ni ẹ̀yìn ti ń dun òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ ọ́ ò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Hussein na sípánà kan sí Akínpẹ̀lú. “Fi ahọ́n kàn án, kí o búra, kó tán. Kò le.”

Kò le lóòótọ́, lójú wọn. Mùsùlùmí wọn, onígbàgbọ́ wọn, irin ni gbogbo wọn ń fi búra níbẹ̀ bí nǹkan bá sọnù. Wọ́n á fi ahọ́n kàn án, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á lọ.

Akínpẹ̀lú ò gbà á.

“Ẹ̀yin ń fi í ṣeré,” ó ní. “Nílé tiwa, bí ẹ̀mí bá bọ́ la tó ń pe Ògún. Mi ò ní pè é torí pajápajá. Alága, ẹ kúkú bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.”

“A ò bi ọ́ ní ìtàn. Búra.”

“Mi ò búra.” Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Múrí, ìwọ náà ò bi mí?”

Múrítàlá ń wo ilẹ̀.

Wọ́n gba ẹ̀wù ọlọ́kadà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbé ẹrù fún un. Bó bá kí èèyàn, wọ́n á jẹ́ ẹ lábẹ́ ètè, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pamọ́. Ó ta ọ̀kadà, ó padà sí Ọ̀yọ́.

Ẹsẹ̀ ò yéé dùn. Múrítàlá ní èyí tí Akínpẹ̀lú fi sílẹ̀ ló ń jà.

Òjò wá pọ̀. Igi tutù, èédú wọ́n. Èèyàn ni Múrítàlá wá ń gbé. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Àbíkẹ́ ń gbé ní àdúgbò Under G, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní abà, àárọ̀ àárọ̀ ni Múrítàlá ń gbé e lọ. Tíṣà gba ẹ̀yìn, Múrítàlá jókòó sórí ìjókòó bí ọmọ èèyàn. Tíṣà ò fẹ́ gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n. “Bàbá, ẹ rọra. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rin ibi yìí.” Á rìn, Múrítàlá á dìde dúró lórí ọ̀kadà, á fi la kòtò kọjá. Bí wọ́n bá dé odò, tíṣà á mu omi, á fún Múrítàlá náà ní ọ̀rá omi kan, Múrítàlá á sì mu ún torí ojú. Bẹ́ẹ̀ ni òjò fi tán. Kò tilẹ̀ fura pé ẹsẹ̀ ò dun òun. Ẹsẹ̀ tí ò dùn, ta ló ń rántí rẹ̀?

Èédú padà dé. Wọ́n di àpò mẹ́rin, ó gun orí táǹkì. Ó kọjá odò kejì. Kò tíì gun òkè dé ìdajì tí ojúgun fi bẹ̀rẹ̀, tó sì yí sẹ́yìn. Ó ṣubú. Ó sùn sílẹ̀ nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú, ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń rò ó. Oògùn wo ló ń bọ̀wọ̀ fún tíṣà?

Lọ́jọ́ kejì, ó dín àpò kan. Ó jókòó síbi ìjókòó. Ó ṣe gbogbo ohun tí Akínpẹ̀lú ní kó ṣe, títí kan iyọ̀. Ó lọ, ó bọ̀, nǹkan kan ò ṣe é. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wá dùn ún.

Ó sọ fún Hussein pé Akínpẹ̀lú ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Hussein ní, “Ó ti pẹ́. Tó bá fẹ́ wá, kó wá.” Kò gbójú sókè nídìí ọ̀kadà tó ń nù.

Múrítàlá lọ sí Ọ̀yọ́. Nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ló bá a, ó ń lẹ táyà. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ti rọ́bà inú táyà bọ inú abọ́ omi, ó ń wá ibi tó ti ń jò.

“Ẹsẹ̀ ńkọ́?” ni Akínpẹ̀lú wí.

“Ó ti lọ.”

“O dín àpò kù.”

“Mo dín in kù.”

“Ó dáa.”

Múrítàlá dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ dúró wò ó.

“Dìde. Wọ́n á rò pé mo lù ọ́ ni.”

“Forí jì mí.”

“Mo ti forí jì ọ́. Pajápajá yẹn fojú èmi náà rí màbo kí n tó mọ ohun tó ń fà á. Odò kejì yẹn náà ni. Ká ní o bi mí ni.”

“Alága ní kí o padà wá.”

“Kí n wá ṣe kí ni? Bí orí bá fọ́ ẹnì kan lọ́la ní gáréèjì yín, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ máa wá? Níbí, bí táyà bá jò, ìṣó ni wọ́n ń wá. Wọn kì í wá mi.”

Múrítàlá dìde, ó nu epo kúrò láyà.

Àtọ́kẹ́, ìyàwó Akínpẹ̀lú, yọ látinú ilé. Ó mọ Múrítàlá dáadáa. Ó kí i, kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ló bi: “Ṣé kí n bu oúnjẹ fún àlejò?”

“Má bù ú. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ jìn. Bí inú bá run ún lọ́nà, wọ́n á ní èmi ni.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Àtọ́kẹ́ wọlé padà. Akínpẹ̀lú ti rọ́bà mìíràn bọ omi.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí Múrítàlá dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kò lọ sílé tààrà. Ó ra ẹ̀kọ tútù àti àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Àkàrà àárọ̀ ni, ó ti le. Orí ọ̀kadà ló jókòó sí, ó jẹ ẹ̀kọ méjì, ó jẹ àkàrà náà tán. Bí inú bá run ún lóru, ọwọ́ ara rẹ̀ ni.